Ìrírí mi: Bí "ó" kan ṣoṣo ṣe dá iṣẹ́ wa dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún l'Abẹ́òkúta

₦36,000 ni mo san fún fọ́tòkọ́pì ìwé tí ẹnì kankan ò fọwọ́ sí títí dòní. Owó ara mi ni o. Ìwé yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nínú páálí Indomie, ojú ìwé 720, gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbálẹ̀ tí ìgbálẹ̀ bá kàn án ni inú máa ń bí mi. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ilé ìwádìí yunifásítì ṣiṣẹ́ fíìdì pọ̀ nílùú yìí, èmi ò rẹ́ni kìlọ̀ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Ilé ìwádìí kan ní yunifásítì kan, tó ń wo ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ipò ọkùnrin àti obìnrin láwùjọ, ìlera àti àlàáfíà, fẹ́ bá ìyá 120 sọ̀rọ̀ l'Abẹ́òkúta, àwọn tó ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Wọn ò ṣàdédé mú ọjọ́ orí yẹn, òun ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lóṣù October 2023, ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń pinnu nínú ilé bóyá ọmọ á gba abẹ́rẹ́, bóyá ìyá lè dá kọ́ńdọ̀mù tàbí ìfètòsọ́mọbíbí sọ lẹ́nu, bóyá wọ́n ń lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ló pa lílù pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Ó pa wọ́n pọ̀ dáadáa! Ìwé òfin àjọ ìlera àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1948 ti sọ ọ́ pé ìlera kọjá kí àìsàn má ṣe èèyàn, pé ó kan ara, ọkàn, àti bí èèyàn ṣe ń bá àwọn tó yí i ká gbé. Obìnrin tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ tí bàbá ọmọ ò fẹ́?

Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ìbéèrè àti ìwé ìfọwọ́sí, ìyẹn ìwé tí obìnrin máa tẹ̀ka sí pé òun gbà láti dáhùn, sí Yorùbá. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ yẹn dáa. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ṣáájú mi ti kọ "ọkọ" sí gbogbo ibi tí Òyìnbó ti kọ "partner". Mo yọ gbogbo ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ọkọ, ọkọ ni, obìnrin ilé ọkọ pàápàá, ọkọ ni, tẹ́ ẹ bá wá bi ìyàwó ilé pé "ṣé ọkọ yín ti lù yín rí", ta lẹ̀ ń bi í? Opó ńkọ́, ẹni tí kò bá ọkọ gbé mọ́ ńkọ́? Mo kọ ọ́ báyìí: "Ǹjẹ́ ẹni tí ẹ̀ ń bá gbé tàbí tí ẹ̀ ń fẹ́ ti lù yín rí? Ṣé ó ti bínú sí yín rí torí ẹ ní kó lo kọ́ńdọ̀mù?" Mo kà á fún màmá mi ní ìdáná, wọ́n ní ó yé àwọn kedere.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá túmọ̀ tán, ẹlòmíì tí kò rí ti Òyìnbó rárá gbọ́dọ̀ dá a padà sí Òyìnbó, kí wọ́n fi wéra, kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní ethics, tó lu òǹtẹ̀ sí i. Mi ò bá òfin yẹn jà, ó dáa kí ìwé yé ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka sí i. Ṣùgbọ́n brọ̀dá tó dá a padà rí "ó", ó kọ "he". Gbogbo "ó" tó tọ́ka sí ẹni tí wọ́n ń fẹ́, "he" ni. Ìgbìmọ̀ wá kọ̀wé pé Òyìnbó ti àkọ́kọ́ ò dárúkọ ọkùnrin, kí ló dé tí Yorùbá wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan, ká lọ tún un ṣe. Yorùbá tí kò sọ ọkùnrin tí kò sọ obìnrin! Ẹ̀sùn tó jẹ́ ti Òyìnbó ni wọ́n gbé ka Yorùbá lórí, ó dùn mí wọra.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n sì ń jókòó. Mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, láti Àdàtán, nínú oòrùn, àkọ́kọ́ wọ́n ní fáìlì ò tíì dé, ìkejì wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ ìsìnkú, ìkẹta ni wọ́n ní kí n kọ àlàyé. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo tọ́ka sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tó ti kọ ọ́ láti 1997 pé àgbà àti ọmọdé ni èdè wa ń yà sọ́tọ̀, pé "ó" ò mọ akọ, kò mọ abo. Wọn ò dá mi lóhùn. Òru ọjọ́ kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé lójú ìwé kejì, níbi tá a ti bèèrè nípa ọmọ, "ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù", brọ̀dá yìí kan náà kọ "she". "Ó" kan náà! Mo fi bírò pupa yí méjèèjì ká, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n máa padà jókòó, wọ́n gbà.

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní torí pé a tún fáìlì ṣe, Ẹ̀dà 2 ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé. Lẹ́tà kan ṣoṣo ò yí padà nínú Yorùbá mi. Èmi ti ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìfọwọ́sí Ẹ̀dà 1 ní Kútọ̀, ojú ìwé mẹ́ta fún ẹnì kan, méjì-méjì torí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ lọ sílé, ₦50 lójú ìwé kan, torí ọ̀gá wa nílé ìwádìí ní òǹtẹ̀ máa jáde ní Friday. Nígbà tí mo bèèrè owó mi, àwọn ilé ìwádìí ní àwọn kì í san rìsíìtì tó bá ṣáájú ọjọ́ tí àṣẹ jáde. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀gá bá fi Ọlọ́run búra pàápàá, ẹ má tẹ nǹkan kan títí ẹ fi máa rí òǹtẹ̀ lójú ara yín. Kí ẹ sì pe ẹni tó máa dá ìtúmọ̀ yín padà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìbéèrè hàn án, ẹ kàn sọ fún un pé tó bá rí "ó" kó kọ "he or she". Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà mí.

Fíìdì fúnra ẹ̀ ò le. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi parí ẹ̀, èèyàn 120 pé géérégé. Ohun kan ṣoṣo ni pé ẹ ò lè bèèrè ọ̀rọ̀ lílù nídìí àtẹ tí oníbàárà ń gbọ́, a ní láti wá yàrá tó ní ìlẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n dáhùn ò ní ti ẹnu mi jáde, mo ti fọwọ́ síwèé àṣírí, ṣùgbọ́n àwọn opó wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ "ọkọ" ni mo kọ ni, ìbéèrè yẹn ì bá fò wọ́n kọjá.

Màmá kan ní Ìtòkú, aláró ni wọ́n, àtàǹpàkò wọn dúdú láti èékánná dé oríkèé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, a ò mọ èyí tó jẹ́ íńkì àti èyí tó jẹ́ aró. Wọ́n nu ún sétí ìró, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ká ẹ̀dà tiwọn sí mẹ́rin, wọ́n fi há kọ́mú. "Ọmọ mi, ó yá, bi mí."