Bí A Ṣe Ń Dín Phat Thai Nínú Ilé Láìjẹ́ Kí Ó Di Àṣáró

Ẹni tó bá fi ojú Indomie wo phat Thai, núdù dídín ti àwọn ará Tàílándì, tó gbé omi kaná, tó sì da núdù sínú rẹ̀, ti ba oúnjẹ náà jẹ́ kí epo tó gbóná. Núdù ìrẹsì ni àwọn ará Tàílándì ń lò fún un. Ìyẹ̀fun ìrẹsì àti omi ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí àlìkámà nínú rẹ̀ tí ì bá mú kí ó gbára dúró nínú omi híhó. Bí a bá sè é, yóò wú, yóò sì rọ̀. Bí a bá wá dà á sínú epo lẹ́yìn náà, yóò gé wẹ́wẹ́, yóò lẹ̀ pọ̀, àṣáró ni yóò sì dà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi ni kí ẹni tó ń dín oúnjẹ yìí máa ṣọ́.

“Phat” ni wọ́n ń pe kí a máa da nǹkan pọ̀ kíákíá nínú epo díẹ̀ lórí iná tó le. Kuai tiao phat Thai ni orúkọ oúnjẹ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ṣí wá sí ilẹ̀ náà sì ni “kuai tiao”, tí í ṣe núdù ìrẹsì, ti wá. Ìjọba Plaek Phibunsongkhram, tó yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà láti Siam sí Tàílándì ní ọdún 1939, rọ àwọn ará ìlú láti máa jẹ núdù, wọ́n sì ń fi oúnjẹ yìí yangàn gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ wọn. Lójú tèmi, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń po ó ló sọ ọ́ di tiwọn ní tòótọ́, nítorí náà ọbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣe.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọbẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni àjàgbọn, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní tsamiya, tí a sì lè rí rà ní Sábó: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pò ó, kí ẹ sì sẹ́ ẹ kí omi rẹ̀ lè ki bí ògì tí a kò tíì là. Èkejì ni nam pla, omi pupa rúsúrúsú tó ń jáde lára ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ sín fún ọ̀pọ̀ oṣù; òórùn rẹ̀ le bí ti irú, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ti irú nígbà tí iná bá kàn án, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn fi irú rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣúgà tí wọ́n ń fi omi igi ọ̀pẹ sè. Bí kò bá sí, ṣúgà pupa lè dúró fún un. Fún ẹni méjì, ẹ da ṣíbí ìjẹun 4 omi àjàgbọn, 3 nam pla àti 4 ṣúgà sínú ìkòkò kékeré lórí iná tútù títí ṣúgà yóò fi yọ́. Ẹ tọ́ ọ wò. Kíkan, iyọ̀ àti adùn gbọ́dọ̀ ta sí ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì le ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí oúnjẹ náà rí lọ, nítorí núdù kò ní adùn kankan fúnra rẹ̀. Bí àjàgbọn yín bá kan jù, ẹ fi ṣúgà kún un nísinsìnyí, nítorí àyè kò ní sí mọ́ nígbà tí agbada bá ti gbóná. A kì í fi iyọ̀ sí i, kọ́rì àti táìmù kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ilé oúnjẹ kan ń fi tòmátò inú ìgò ṣe é; ó máa ń pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í kan bó ṣe yẹ.

Núdù tó pẹlẹbẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 3, ni kí ẹ rà. Ní Tàílándì, sen chan ni wọ́n ń pe èyí tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, láti inú orúkọ ìpínlẹ̀ Chanthaburi. Ẹ rẹ gíráàmù 200 sínú omi tútù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ó ti tó nígbà tí ẹ bá lè wé e mọ́ ìka láìjẹ́ pé ó ṣẹ́, tí àárín rẹ̀ sì ṣì le díẹ̀ lábẹ́ eyín. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ ẹ, kí omi rẹ̀ ro tán pátápátá.

Bí ó bá ti ń ro, ẹ to àwọn èlò yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, nítorí pé dídín náà kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ní sí àyè láti máa gé àlùbọ́sà nígbà náà. Ẹ ó nílò edé tútù ńláńlá 8 tí ẹ ti bó, gíráàmù 100 wàrà sóyà tó le, ìyẹn àwàrà, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun kan edé gbígbẹ, kì í ṣe lílọ̀, àlùbọ́sà kéékèèké 2, ẹyọ aáyù 2, ẹyin 2, àlùbọ́sà eléwé, ẹ̀kúnwọ́ méjì èéhù ẹ̀wà, ẹ̀pà sísun tí ẹ gún hálahàla, àti ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí ráádíìsì tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n ń pè ní chai po, ẹ fi díẹ̀ sí i. Bí ẹ kò bá rí i, kò ba nǹkan jẹ́.

Agbada onírin tí a fi ń dín àkàrà bá iṣẹ́ yìí mu, bí ó bá ṣáà ti fẹ̀. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi máa rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó da ṣíbí ìjẹun 2 òróró sí i. Ẹ dín edé tútù títí yóò fi pọ́n, ẹ kó o kúrò. Ẹ dín àwàrà títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ da àlùbọ́sà, aáyù, edé gbígbẹ àti ráádíìsì lé e, ẹ má sì jẹ́ kí aáyù jóná. Ó kan núdù, ó sì kan ọbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa fi ṣíbí méjì gbé e sókè, kí ẹ máa yí i padà láìtẹ̀ ẹ́, títí yóò fi mu ọbẹ̀ náà tán. Bí ó bá gbẹ tí àárín rẹ̀ ṣì le, ẹ wọ́n omi sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú da kọ́ọ̀pù omi sí i nìyí. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ da òróró díẹ̀ àti ẹyin sí àyè tó ṣí, ẹ jẹ́ kí ẹyin dì díẹ̀ kí ẹ tó pò ó mọ́ ọn. Ẹ da edé tútù padà, pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé àti ìdajì èéhù ẹ̀wà, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí àlejò bá pọ̀, ẹ dín in lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Iná gáàsì inú ilé kò lágbára bíi ti àwọn tó ń tà á lójú pópó ní Bangkok. Bí agbada bá kún, ooru rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, àwọn èlò yóò máa tu omi jáde, oúnjẹ tí à ń dín yóò sì di èyí tí à ń bọ̀.

Ẹ bù ú sínú àwo, ẹ wọ́n ẹ̀pà lé e, ẹ to èéhù ẹ̀wà tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe inú agbada ni ata ti ń pọ̀ jù níbẹ̀: lórí tábìlì àwọn ará Tàílándì, ata gbígbẹ, ṣúgà, nam pla àti fínígà tí a rẹ ata sí máa ń wà, olúkúlùkù a sì bù bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Kí ẹ jẹ ẹ́ kí ó tó tutù. Bí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, inú agbada ni kí ẹ ti mú un gbóná, pẹ̀lú omi ṣíbí kan péré.