Bí ẹ ṣe máa tajà níbi ọdún ìlú ní September tí atẹ́gùn ò fi ní gbé kánópì yín lọ

Láti ìparí August ni àwọn ìlú kéékèèké ní Amẹ́ríkà ti máa ń ti títì àárín ìlú pa, wọ́n á to kánópì síbẹ̀, wọ́n á gbé orin sí i, ó di ọdún nìyẹn. Àwọn ará Morton ní Illinois ń fi tiwọn ṣe ayẹyẹ elégédé ní September, àwọn ará Circleville ní Ohio náà ń ṣe ti elégédé tiwọn, ó ti wà láti 1903, àmọ́ October ni tiwọn máa ń bọ́ sí. Irú ibi báyìí dáa fún àwa tá à ń ta súyà, dòdò àti pọ́fù-pọ́fù, torí họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì ti sú àwọn èèyàn yẹn, tí súyà bá ti ta sánsán sí wọn nímú báyìí wọ́n á tò.

Ẹ tètè kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀, èmi kì í jẹ́ kó kọjá April, àyè máa ń tán. Ẹ tún máa gba ìwé àṣẹ oúnjẹ onígbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìlera káúńtì. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kó sí wàhálà ni pé wọn ò gbà kéèyàn se ìrẹsì nílé ara ẹ̀ kó wá gbé e wá tà, kíṣìn tó ní láísẹ́ńsì ni wọ́n fẹ́. Kíṣìn ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi máa ń yá, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ní láísẹ́ńsì kí ẹ tó sanwó.

Oúnjẹ gbígbóná ò gbọ́dọ̀ tutù ju 135°F lọ, èyí tó wà nínú kúlà ò sì gbọ́dọ̀ gbóná ju 41°F lọ. Ẹ ra thermometer, kò wọ́n. Fún ọwọ́ fífọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi gálọ́ọ̀nù 5 tó ní ẹnu ẹ̀rọ, korobá lábẹ́ ẹ̀, ọṣẹ àti bébà ìnuwọ́, ó tán. Mi ò ní kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì.

Ohun kan ṣá, òtútù àárọ̀ September kì í jẹ́ kí pọ́fù-pọ́fù wú. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó tán, ẹ gbé e sínú kúlà tó ṣófo, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike méjì kí ẹ gbé e tì í, ẹ dé e pa. Láàárín wákàtí kan ó ti wú.

Ó yá, kánópì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí gbogbo ọdún ni mo ń rí ẹni tó ń ṣe é báṣubàṣu.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àǹtí kan pàtẹ àǹkárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọjà ẹ̀ rẹwà gan-an, ojú ọjọ́ dáa, oòrùn wà, kò sẹ́ni tó ronú atẹ́gùn. Ike mílíìkì tí wọ́n rọ omi sí ló fi so ẹsẹ̀ kánópì ẹ̀, ẹyọ kan lẹ́sẹ̀ kan. Ní bíi aago méjì ọ̀sán atẹ́gùn kan fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ o, kánópì gbéra pẹ̀lú ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó fò kọjá lórí tèmi, orí mọ́tò ẹnì kan ló bà lé. Epo ń hó lórí iná mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ó já sórí ẹ̀ ńkọ́? Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Ike mílíìkì gálọ́ọ̀nù kan tí omi kún ò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 8 lọ. Kánópì fíìtì 10 sí 10 dà bí agbòòrùn ńlá, ẹ sì mọ bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe agbòòrùn lọ́wọ́ èèyàn. Pọ́n-ùn 40 lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kéré jù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, kì í ṣe méjì iwájú nìkan. Tẹ́ ẹ bá ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ fi kún un, torí aṣọ yẹn á gba atẹ́gùn bí ìgbòkun ọkọ̀. Ẹ ò sì lè kan èèkàn mọ́ ọ̀dà títì, wọn ò ní gbà fún yín.

Àwọn tó ń ta kánópì máa ń ta àpò ìwúwo mọ́ ọn, mi ò rà á rí. Korobá gálọ́ọ̀nù 5 ni mo máa ń lò, àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń fi èyí tí ṣúgà wọn bá tán nínú ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè dáadáa. Tó bá kún fún omi, ó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn 40. Tó bá jẹ́ iyanrìn gbígbẹ, ó lé ní 60, iyanrìn lèmi fẹ́ràn jù torí kì í dà sílẹ̀ tí ọmọ bá kọlù ú. Ẹ dé e, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ ẹ̀ lágbára.

Síso ẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń gbé nǹkan wúwo lé àtẹ́lẹsẹ̀ kánópì, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Orí ni atẹ́gùn ti ń gbé e, ẹsẹ̀ á kàn yọ ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé òrùlé lókè ni kí ẹ ti so ó wálẹ̀ sí ọwọ́ korobá, kí ó le dan-in. Ẹ má lo rọ́bà tó ń fà, á kàn máa nà bí atẹ́gùn ṣe ń fà á. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀, èyí tó ní irin tẹ́ ẹ máa ń fà tó fi ń le sí i, òun ló dáa jù. Kí korobá wà nínú kánópì kí ẹnikẹ́ni má báa fẹsẹ̀ kọ ọ́. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó já oúnjẹ kan sílẹ̀ nínú mọ́tò, èmi kì í jẹ́ kí ọmọ mi gbé kúlà sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá tíì dúró.

Tí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ pa gáàsì, ẹ wọ ẹsẹ̀ kánópì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ dì í mú o. Mo ti rí bàbá kan tó dì í mú, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

Epo díndín ò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kánópì rárá, ẹ̀yìn ni kó wà, kó jìnnà díẹ̀. Àwọn pánápaná á wá wo lébẹ̀lì NFPA 701 lára aṣọ kánópì, ìyẹn èyí tó ń fi hàn pé aṣọ náà kì í tètè gbiná, wọ́n á sì béèrè èlò ìpaná Class K, èyí tó wà fún iná epo ìdáná. Tí epo bá gbiná, ẹ má da omi sí i láéláé.

Tó bá dìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ gbogbo yín, ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ tú korobá kí wọ́n lè tètè máa lọ. Ẹ wọ kánópì wálẹ̀ ná, ẹ pa á dé pátápátá, ẹ wá tú bẹ́líìtì lẹ́yìn náà.