Bí èmi àtàwọn ọmọ mẹ́sàn-án ṣe fi ààlọ́ kun fẹ́ńsì ilé wa l'Ákùúrẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa l'Òkè-Àró kọjá ló ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe fẹ́ńsì yẹn, ṣé pénńtì ni pupa yẹn àbí kí ni, ta ló ya aláǹtakùn tó dé fìlà, kí ni ọkọ̀ ojú omi ń wá lórí odò Àlà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jókòó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò ní fo ibi tí mo ti ṣì í ṣe, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ náà ti di nǹkan gidi.

Iṣẹ́ àwòrán ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun, mo máa ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fáwọn ọlọ́jà, mo sì ń kọ́ ọmọ ní dírọ́ọ́ìnì. Hòlídè oṣù kẹjọ tó kọjá, àwọn ọmọ inú kọ́ńpáùǹdù wa ń sáré kiri nínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo bá ní kí wọ́n máa wá bá mi láago mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Méjì jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ọ̀kan jẹ́ Ìlàjẹ, ọ̀kan jẹ́ Ìjọ láti Arógbò, ọ̀kan jẹ́ ọmọ àwọn Àdó Àkúrẹ́ tí ìtàn wọn so mọ́ Bìní, méjì jẹ́ Ìbò, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọ̀kan jẹ́ Ìgbìrà, ọ̀kan jẹ́ Hausa, bàbá ẹ̀ ń ta àlùbọ́sà. Gbogbo wọn ló ń sọ Yorùbá, kódà ọmọ alálùbọ́sà yẹn ló gbọ́ èdè Àkúrẹ́ jù nínú wọn, ó máa ń bá àwọn ìyá àgbà ọ̀ọ́dẹ̀ sọ ọ́ tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Fẹ́ńsì wa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36, ó ti dúdú, ewédò ti bò ó. Mo bẹ ìyá onílé, ó ní kí ògiri òun ṣá ti mọ́. Èrò mi ni pé ká ya gbogbo wa sára ẹ̀, ẹni tá a jẹ́ lápapọ̀.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe rèé. Mo ní kí kálukú lọ ya "ẹni tí mo jẹ́". Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó bébà dé, ọkàn mi wálẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrán kan náà ni gbogbo wọn yà: ọkùnrin kan wọ agbádá pẹ̀lú fìlà abetí ajá, ìkan wọ bàbáńrígà, ìkan dé fìlà pupa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara wọn lọ́wọ́ mú, àwòrán ara kàlẹ́ńdà tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ọmọ Ìjọ náà ya agbádá. Ọmọ Ìgbìrà, tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ò ya nǹkankan, ó mú bébà funfun báláú wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, èwo ni kí n wọ̀ níbẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ jókòó, mo wọ yàrá lọ mumi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rò ó dáadáa. Ta ló ní ẹni mẹ́ta la jẹ́? Lugard, òyìnbó tó ń ṣe gómìnà nígbà náà, so àríwá mọ́ gúúsù lọ́dún 1914 kí ìṣàkóso lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nígbà tó di 1939 wọ́n la gúúsù sí méjì, òfin ìjọba ti 1946 tí wọ́n fi orúkọ gómìnà Richards pè wá fẹsẹ̀ Àríwá, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn múlẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀yà ńlá kan tí wọ́n fi ń pè é. Ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà yẹn ti wá. Fáìlì ọ́fíìsì òyìnbó làwọn ọmọ ń kùn ní kọ́lọ̀ láìmọ̀, èmi tíṣà wọn náà ò mọ̀. Bàbá mi ò ṣí kúrò l'Ákùúrẹ́ láyé ẹ̀, síbẹ̀ ó ti jẹ́ ará Western Region, ó ti jẹ́ ará Western State, ní 1976 ó di ará ìpínlẹ̀ Ondó, nígbà tó sì di 1996 àwọn ẹbí ìyá ẹ̀ tó wà l'Ékìtì jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ti di ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Bìní pàápàá, Ìwọ̀-Oòrùn kan náà làwa pẹ̀lú wọn wà títí di 1963. Ilé ò sún o, ààlà ló ń rìn.

Nǹkan tó yọ mí ni Ọ̀wọ̀. Mo ti lọ sí míúsíọ̀mù tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ṣì ní fọ́tò lórí fóònù. Ekpo Eyo, ọmọ ilẹ̀ Calabar, ló ṣáájú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Lájà l'Ọ́wọ̀ lọ́dún 1971, wọ́n rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n fojú bù sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n, apá kan jọ ti Ifẹ̀, apá kan jọ ti Bìní, àpapọ̀ ẹ̀ ò jọ tẹnì kankan àfi Ọ̀wọ̀. Àwọn eyín erin tí wọ́n gbẹ́ náà ńkọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lé wọn lórí tipẹ́ pé ti Ọ̀wọ̀ ni àbí ti Bìní. Àgbàlá tó wà nínú ààfin Ọlọ́wọ̀, ugha ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá dé ààfin Bìní, ugha náà ni. Gbogbo èyí ti wà kí òyìnbó kankan tó fa ìlà sórí ìwé, kí wọ́n tó jó Bìní ní 1897.

Mo tún rántí Bruce Onobrakpeya, ọmọ Ùròbò, tó ti fìgbà kan ṣe tíṣà àwòrán ní Ondo Boys' High School kó tó lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Zaria, níbi tí òun àti Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àtàwọn yòókù ti jọ kóra jọ ní 1958 tí wọ́n ní àwọn máa mú èyí tó dáa nílé àti lóko, àwọn á pò ó pọ̀, àwọn ò ní kàn máa da òyìnbó kọ. Nígbà tí ìtàn ọdẹ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó wa níbí, jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Onobrakpeya ló ya àwòrán inú ẹ̀. Ọmọ Ùròbò ló ya àwọn iwin yẹn o, ẹ wò wọ́n, ẹ máa mọ̀ pé inú igbó wa ni wọ́n ti jáde. Kò wọ agbádá kó tó lè ya wọ́n.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ láàárọ̀ nìyẹn, mo fi fọ́tò ère Ọ̀wọ̀ hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n gbàgbé aṣọ. Iṣẹ́ àmúrelé tuntun: ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé yín, kó pa ààlọ́ kan fún yín lédè tirẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ fún wa.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ ò rí ọ̀ọ́dẹ̀ wa! A ní "Ààlọ́ o!", "Ààlọ̀!" Ọmọ Hausa ní "Ga ta, ga ta nan ku", ó kọ́ wa pé ká dáhùn "Ta zo mu ji ta". Àwọn ọmọ Ìbò pa tiwọn, Mbe ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́ àwọn ẹyẹ jẹ níbẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́ kan fò dìde, ó ní, "Ìjàpá nìyẹn nù-un!" Ọmọ Àdó ní Egui ni ìyá àgbà òun pè é. Ti Hausa yàtọ̀, Gizo ni tiwọn, aláǹtakùn ni, ó sì níyàwó bí Ìjàpá ṣe ní Yánníbo, ojúkòkòrò kan náà, ẹ̀tàn kan náà. Ọmọ Ìgbìrà ní tiẹ̀ pe màmá àgbà ẹ̀ l'Ókènè lórí fóònù. Ààlọ́ obìnrin kan tó ń hunṣọ ni, tí òwú ẹ̀ ò tó, tó wá ń tọrọ òwú láti ilé dé ilé. Nígbà tó ń sọ ọ́, mo wá fọ́tò òfì àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀, èyí tó dúró lóòró lára ògiri, mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní, "Ti màmá àgbà nìyí. Ta ló yà á ní fọ́tò?"

Bá a ṣe rí ibi tá a máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọ́nrán òwú obìnrin yẹn la fà láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́ńsì dé ìparí. Ó jáde lára òfì, Gizo yá a fi ta okùn ẹ̀, Ìjàpá gùn ún bọ́ sílẹ̀, nígbà tó rìn jìnnà ó di odò Àlà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ rèé fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. A fi brọ́ọ̀ṣì onírin ha ewédò kúrò, a fi ọṣẹ fọ ògiri, a dúró ọjọ́ méjì kó gbẹ, torí òjò òwúrọ̀ a dúró sí i. Emulsion funfun ẹ̀ẹ̀mejì. Èédú la fi fa ìlà àkọ́kọ́ kó lè ṣeé pa. Pupa yẹn kì í ṣe pénńtì, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni. A wa á, a sá a sórí ọ̀rá, a gún un nínú odó, a wá fi asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kìíní ó ṣì ń ha ọwọ́, ìgbà kejì ó dà bí gàrí Ìjẹ̀bú, ìgbà kẹta ó kúnná bí àtíkè, ọmọ Ìgbìrà yẹn ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀. A wá pò ó mọ́ gáàmù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò, agolo gáàmù kan sí agolo ilẹ̀ mẹ́ta, omi díẹ̀díẹ̀ títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Èédú lílọ̀ fún dúdú. Fún òwú yẹn, búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun la pò mọ́ emulsion, ó jọ aró dáadáa.

Ọjọ́ kẹfà ni wàhálà dé. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó máa ṣáájú, Ìjàpá àbí Gizo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àkúrẹ́ bá sọ fún ọmọ Hausa pé, "Kòbókòbó, kí lo mọ̀ ní ààlọ́?" Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ọmọ náà kàn gbé brọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, ohùn mi há, torí pé mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ilé wa náà ni mo ti gbọ́ ọ, wọ́n ń sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ omi, èmi náà ti fi pe ẹlẹ́ran wa rí tó sì rẹ́rìn-ín fún mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìyá àgbà ọmọ Àdó tó jókòó níwájú yàrá ẹ̀ wá dá sí i, ó ní bàbá bàbá òun, Àkúrẹ́ yìí ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ bí ìjà kékeré bá ti dé wọ́n á ní káwọn padà sí Bìní, "ibo ni mo mọ̀ níbẹ̀?" A ò yà nǹkankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ọmọ tó bú u yẹn ló kọ́kọ́ dé, ó ní òun fẹ́ ya Gizo. Ó ya ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ Hausa wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, "Mẹ́jọ ni." Wọ́n jọ ya méjì tó kù, wọ́n dé fìlà fún un.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ọmọ Ìjọ ló ní dandan ó gbọ́dọ̀ wà, wọ́n ní odò Àlà ò gba ọkọ̀, ó ní, "Nínú ààlọ́ kẹ̀?" Òun àti ọmọ Ìlàjẹ ló jọ yà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ibẹ̀ mọ̀ pé Ìlàjẹ àti Ìjọ Arógbò jà ní 1998, ẹ̀mí lọ, ilé jó. Ìyá ọmọ Ìlàjẹ dúró sídìí àwòrán náà pẹ́, ó gbé igbá ẹja lérí, kò sọ nǹkankan, mo ti ń mira sílẹ̀. Ó wá ní, "Àjẹ̀ kan ṣoṣo lẹ yà, ẹni méjì ló wà nínú ọkọ̀." Wọ́n ya ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà wá. Ibi kan wà tí mi ò ṣe dáadáa: ìsàlẹ̀ fẹ́ńsì, níbi tí ọ̀sọ̀rọ̀ ti ń ta sí i, ilẹ̀ pupa yẹn ti ń bó, torí mo kánjú, gáàmù tí mo fi síbẹ̀ ò tó, ó sì yẹ kí n kọ́kọ́ fi síméńtì dí ibi tó ti la. Hòlídè Kérésì la máa tún un ṣe. Ọmọ Ìgbìrà ti jọ ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ nínú agolo mílíìkì méjì, ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀.