Ìṣẹ́jú 20 Níwájú Àwọn Oníbàárà: Bí Mo Ṣe Múra Ọ̀rọ̀ Mi Sílẹ̀

Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún wa. Iléeṣẹ́ kan tó ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn ń wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá wọn ṣọ́ ọjà, àwa sì ní irú rẹ̀ fún títà. Èmi ni ọ̀gá mi yàn pé kí n lọ bá àwọn adarí wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ọjà títà, àmọ́ èmi àti oníbàárà kan ṣoṣo la sábà máa ń jókòó sọ̀rọ̀. Kéèyàn dìde dúró kí gbogbo ojú sì kọjú sí i, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, mo sì pinnu pé màá kọ́ ọ yanjú. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, torí ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ lè ṣe é.

Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, fóònù ni mo kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo pe mẹ́ta nínú àwọn tó máa wà níbi ìpàdé náà, mo bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kó fún mi ní àyè díẹ̀ kí n bi í ní nǹkan. Kí ló ń fa àdánù fún yín jù nínú bí ẹ ṣe ń ṣe é báyìí? Ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́lọ́wọ́? Tí nǹkan ò bá yí padà títí di ọdún tó ń bọ̀, ibo lọ̀rọ̀ máa já sí? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń mú kí èèyàn sọ tinú ẹ̀. Apoògùn àgbà wọn dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọjà ò wọ́n wa. Ohun tó ń dùn mí ni oògùn tí mò ń dà nù lóṣooṣù, tó jẹ́ pé ǹ bá ti tà á ká ní mo tètè rí i. Ẹ̀yìn páálí ló máa ń wà.” Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Akáǹtáǹtì wọn ò tiẹ̀ dárúkọ oògùn tó bàjẹ́. Ẹ̀rù tiẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tuntun yóò dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń bójú tó àwọn ẹ̀ka fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ.

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà. Lẹ́yìn ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo kọ gbólóhùn kan sórí ìwé: “Ẹ ó máa rí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́ kọjá kó tó di àdánù, àwọn òṣìṣẹ́ yín yóò sì mọ̀ ọ́n lò láìdá iṣẹ́ dúró.” Ohunkóhun tí kò bá gbe gbólóhùn yìí lẹ́sẹ̀, mo yọ ọ́. Ìtàn bí iléeṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwòrán ọ́fíìsì wa náà lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ètò wa lè ṣe, tó dára tó sì yá mi lórí, ni mo gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kò sẹ́ni tó béèrè wọn nínú àwọn mẹ́ta tí mo bá sọ̀rọ̀.

Fún ètò ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ̀ lé ìlànà tí Alan Monroe, olùkọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló ní: fa etí wọn mọ́ra, jẹ́ kí wọ́n rí ìṣòro náà, fi ọ̀nà àbáyọ hàn wọ́n, jẹ́ kí wọ́n fojú inú wo bí nǹkan yóò ti rí, kí o wá sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ìkẹrin ni àwọn tó ń tajà máa ń fò jù, òun ni èmi sì fi àkókò sí jù. Mo kọ ọ́ báyìí: “Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Apoògùn yín ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ oògùn mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀, ó ku oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ wọn kọjá. Ó ní kí wọ́n gbé wọn wá síwájú. Ó bá iṣẹ́ mìíràn lọ.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn tó ń gbọ́ ọ ti wà nínú ilé ìtajà tirẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ẹni tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwùjọ máa ń sọ tó ọ̀rọ̀ 120 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, nítorí náà má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, aago ni kí o gbé síwájú. Ìṣẹ́jú 12 ni mo dá fún ọ̀rọ̀ tèmi, mo fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìbéèrè wọn. Guy Kawasaki, oníṣòwò ọmọ Amẹ́ríkà kan, ní ìmọ̀ràn kan tó ti di gbajúmọ̀: síláìdì 10 (ìyẹn àwọn ojú ìwé tí kọ̀ǹpútà ń gbé sójú ògiri), ìṣẹ́jú 20, kí lẹ́tà orí síláìdì má sì kéré sí ìwọ̀n 30. Èyí tó jẹ mọ́ lẹ́tà ni mo di mú jù, torí bí lẹ́tà bá tóbi, kò ní sáyè fún ọ láti to ìpínrọ̀ sójú síláìdì kí o wá máa kà á fún àwọn èèyàn tó mọ̀wé kà. Síláìdì mi àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Àwòrán pẹpẹ oògùn ni, páálí wà níwájú, ìgò kan ń yọjú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan kékeré kan tún wà tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀: nínú PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe síláìdì, bí o bá tẹ lẹ́tà B nígbà tí síláìdì ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, gbogbo ojú á sì padà sọ́dọ̀ rẹ. Tún un tẹ̀, àwòrán á padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣìgbọ́ kan tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé ìdá 7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ ẹnu kó nínú ohun tí àwọn olùgbọ́ ń gbà, pé ohùn kó ìdá 38, ojú àti ara kó ìdá 55. Ìwádìí tí Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ṣe ní ọdún 1967 ni wọ́n ti mú un. Ohun tó wá nínú ìwádìí náà ni bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnìkan fẹ́ràn nǹkan tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ àti ohùn bá ń takora. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò kan gbogbo ọ̀rọ̀ sísọ. Àdánù tí àṣìgbọ́ yìí ń ṣe ni pé èèyàn á máa ṣe wàhálà lórí bí yóò ṣe gbé ọwọ́, kò sì ní múra ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó wá sọ kò lè fi ọwọ́ mímì bò ó.

Ìdánrawò ni mo wá kọjú sí. Mo dúró, mo sọ ọ́ síta, mo gbé fóònù síwájú kó máa ká mi sílẹ̀. Kíkà á sínú kò tó, torí ẹnu ni yóò sọ ọ́, ẹnu ló sì yẹ kó mọ ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ wo fídíò náà, mo kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí n lè rí ojú àti ara nìkan. Lẹ́yìn náà mo yí fóònù dojú bolẹ̀, mo gbọ́ ohùn láìwo àwòrán. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “ṣé ẹ ń gbọ́ mi”, “kí n sọ pé” àti “ẹ̀n-ẹ̀n” ni mo ń wá. Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ̀kan, mo fi ìdákẹ́jẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó dà bí ọdún kan létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èémí kan ṣoṣo ni létí ẹni tó ń gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò mọ nǹkan kan nípa oògùn tàbí kọ̀ǹpútà, mo ní kó jókòó gbọ́ mi. Mi ò bi í bóyá ó dáa, torí ẹni tó fẹ́ràn ẹni á ní ó dáa ni. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?” Ó ní, “Oògùn ń bàjẹ́ lẹ́yìn páálí. Nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tà fún wọn á máa pariwo kó tó bàjẹ́.” Inú mi dùn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tó yẹ kó dé, ó sì tún fún mi ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, “ó máa ń pariwo” ni mò ń sọ, mo pa “ó máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́” tì.

Ní ti àyà jíjá, ó wá, bó ṣe máa ń wá bá gbogbo èèyàn. Omi ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline ló ń mú kí ọkàn máa sáré kí ẹnu sì gbẹ, ó ń múra ara sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni. Alison Wood Brooks, ní ilé ẹ̀kọ́ òwò Harvard, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014: àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara wọn ti yá gágá sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tó ní àwọn fẹ́ fọkàn balẹ̀. Mo wí i fún ara mi lẹ́nu ọ̀nà, mo mí síta díẹ̀díẹ̀, mo wọlé.

Mo ti débẹ̀ ṣáájú àkókò, mo ti tan projector wò, mo sì ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nígbà tí ó kàn mí, mo gbé àwòrán pẹpẹ yẹn sójú ògiri, mo dákẹ́, mo wá yíjú sí apoògùn àgbà. “Mà, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀yìn páálí ló máa ń wà.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí àwọn tó kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn. Mo tẹ B, mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti fi ètò náà hàn wọ́n, òun ni mo gbé kọ̀ǹpútà fún. Ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ló rí orúkọ oògùn tí àwọ̀ pupa yọ sí.

Akáǹtáǹtì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò gbà, ẹni ẹ̀ka béèrè ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà mi ni pé kí n tún ìbéèrè sọ kí gbogbo ilé lè gbọ́, kí n dáhùn ní ṣókí, kí n wá béèrè bóyá ìdáhùn náà kájú ẹ̀. Ìbéèrè kan wá tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ètò náà. Mo ní màá fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì fi ránṣẹ́. Ní ìparí, mi ò sọ pé “ẹ ṣeun, ẹ rò ó wò”. Mo ní, “Ṣé ká fi ẹ̀ka kan dán an wò fún oṣù kan?” Mo pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá béèrè irú nǹkan báyìí tán, kó má fi ọ̀rọ̀ mìíràn lé e. Akáǹtáǹtì ló kọ́kọ́ fọhùn: “Ẹ̀ka wo lẹ rò pé ká fi bẹ̀rẹ̀?”

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí yóò ti máa fi ẹnu dánrawò, ẹgbẹ́ Toastmasters, tí Ralph Smedley dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1924, ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní àkòrí lójijì kó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka iye “ẹ̀n-ẹ̀n” tó jáde lẹ́nu olúkúlùkù.

Kì í sì í ṣe ọjà nìkan. Ní ìpàdé àwọn òbí nílé ẹ̀kọ́ ọmọ mi, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú méjì lórí bí ọkọ̀ ṣe ń há mọ́ ara wọn lẹ́nu géètì nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde. Mo ti kọ́kọ́ bi olùkọ́ kan àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní ohun tí wọ́n ń rí. Ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì sọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀: “Àwọn ọmọ kékeré máa ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá, awakọ̀ ò sì lè rí wọn.” Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun kan ṣoṣo, pé kí wọ́n ṣí géètì ẹ̀yìn fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n dìbò lójú ẹsẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ṣí i.