Ẹ̀wà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Rà: Ìtọ́sọ́nà Fáwọn Òbí Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti mú àwọn ọmọ kúrò níléèwé nítorí owó, tẹ́ ẹ wá ń kọ́ wọn fúnra yín nílé, tó sì jẹ́ pé owó ojúmọ́ lẹ fi ń jẹun, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Látìgbà tíjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 la ti ń rí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí i níbi tá a ti ń ṣiṣẹ́. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dáná, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń nájà, ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo la wá bá yín sọ, torí gbogbo ilé tá a bá wọ̀ la ti ń bá a pàdé.

Òun rèé: tówó bá ti dín, ẹ̀wà lẹ kọ́kọ́ máa ń yọ. Ẹ yọ ẹ̀wà, ẹ yọ ẹja, ẹ yọ ẹyin, ẹ wá kó ìwọ̀nba owó tó kù sórí gààrí torí pé gààrí ń yóni. Ikùn yó lóòótọ́, a ò jiyàn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọn gààrí gíráàmù 100, purotéènì inú ẹ̀ ò ju gíráàmù 1 sí 2 lọ, tẹ̀wà gbígbẹ tó bíi 23, ti sóyà tó bíi 36. Purotéènì yìí lara ọmọ fi ń dàgbà. Ọmọ jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, ó tún jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, ẹ wá gbé ìṣirò síwájú ẹ̀ láago méjì, ó ń tòògbé, ẹ ní olódo ni, ẹ fa pàṣán yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú abọ́ ẹ̀ ná.

Ẹ tún rántí pé ọmọ tó wà nílé ò sí nínú oúnjẹ ọ̀fẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kọ́kọ́ ń bọ́ ọmọ iléèwé, ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2016 fáwọn ọmọ príámárì 1 sí 3 níléèwé ìjọba. Níbi tó bá ṣì ń lọ, abọ́ kan lójúmọ́ nìyẹn. Ọmọ tẹ́ ẹ bá mú jókòó sílé, abọ́ ọ̀sán ẹ̀ ti di ti ìkòkò yín, bẹ́ẹ̀ lẹ ò fi nǹkan kan kún owó oúnjẹ.

Nítorí náà, kí gààrí tó wọ báàgì yín, ẹ ra ẹ̀wà. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́rin, kóńgò ẹ̀wà kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Kóńgò kan súnmọ́ kílò kan àtààbọ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ó jẹ́ bíi gíráàmù 500 lójúmọ́. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ fi kóńgò kan jẹ ọjọ́ mẹ́rin àtààbọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ̀wà ti sú àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ ń sè é bákan náà lójoojúmọ́: móínmóín ń bẹ, àkàrà ń bẹ, ẹ̀kuru ń bẹ, gbẹ̀gìrì ń bẹ fún àmàlà, àdàlú náà ń bẹ, tó jẹ́ pé ohun tó dín nínú àgbàdo, ẹ̀wà ló ń dí i. Gààrí kì í ṣe ọ̀tá o, ẹ̀wà pẹ̀lú gààrí dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni kó pọ̀ nínú abọ́ ọmọ. Tó bá sì jẹ́ gààrí mímu ni, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, dandan ni.

A mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ̀wà ń jẹ gáàsì. Ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, wákàtí mẹ́jọ, ẹ da omi yẹn nù láàárọ̀, ẹ fi omi tuntun sè é, kẹ́ ẹ dé ìkòkò pa. Ẹ má fi káún sí i, ó ń ba fítámì inú ẹ̀ jẹ́.

Tẹ́wà bá wọ́n ju agbára yín lọ, ẹ lọ sí sóyà. Ibi tá a ti ń rí wàhálà ni pé àwọn kan kàn ń yan án díẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní tútù, inú ọmọ á wá máa run ún, wọ́n á ní sóyà ò bá ilé àwọn lára mu. Sóyà tí ò jinná lẹ fún un jẹ! Ẹ ṣà á, ẹ dà á sínú omi tó ti ń hó, kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, ẹ wo aago. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bó èèpo ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná dáadáa. Fún ògì ọmọ, àgbàdo kọ́ọ̀pù 7, sóyà kọ́ọ̀pù 3. Ẹ sẹ́ ògì yín bẹ́ ẹ ṣe ń sẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ má sẹ́ sóyà, ẹ kàn pò ó mọ́ ọn. Irú ògì yìí tètè máa ń bàjẹ́, ẹ má ṣe ju ti ọjọ́ méjì lọ tẹ́ ẹ ò bá ní fíríìjì.

Ọ̀rọ̀ ẹran àtẹyin wá ńkọ́? Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 purotéènì. Tó bá jẹ́ ẹyin méjì péré ló wà nílé, ọmọ ló ni ín. A ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àtẹran á di olè, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ tébi ń pa ni ọwọ́ ẹ̀ máa ń wọ ìkòkò. Bàbá tó ń dá jẹ ẹja orí ọbẹ̀ níwájú ọmọ tí ò ní nǹkan kan nínú abọ́, ó yẹ kójú tì í. Ẹ má sì ka pọ̀nmọ́ mọ́ ẹran, purotéènì ẹ̀ ò pé fún ìdàgbàsókè ọmọ. Kúùbù ọbẹ̀ ò rọ́pò ẹja. Ẹja ṣáwá tàbí edé ṣíbí méjì nínú ọbẹ̀ dáa ju pọ̀nmọ́ ńlá lọ. Ẹ yé dín epo pupa títí táá fi funfun, fítámì A inú ẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Ẹ̀fọ́ ò yẹ kẹ́ ẹ máa rà á tán lọ́jà. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, tẹ̀tẹ̀ á ṣeé gé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má fún ọmọ ní tíì pẹ̀lú oúnjẹ, kì í jẹ́ kára gba áyọ́ọ̀nù, èròjà tára fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀wà àtẹ̀fọ́ dáadáa. Ọsàn ni kẹ́ ẹ fún un.

Owó ẹ̀wà wà, ìpápánu ló ń gbé e lọ. Ọmọ tó wà nílé látàárọ̀ dalẹ́ á máa bèèrè nǹkan, ẹ á wá máa fún un lówó bískíìtì, owó Indomie, díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ń kà á. Ẹ fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ ìṣirò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ọmọ tó dàgbà jù kọ gbogbo owó tó jáde nílé sínú ìwé fún ọjọ́ méje, kó ro ti ìpápánu lọ́tọ̀, kó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà kan lọ́jà, kó wá ṣírò iye kóńgò tí owó ìpápánu yẹn lè rà. Kẹ́ ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe é.

Tí ìkórè ẹ̀wà bá ti dé, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù Ọ̀pẹ, ẹ wá ilé mẹ́ta tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ dájọ, ẹ ra àpò kan, ẹ pín in. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ dáadáa, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa, ẹ má ṣí i fún oṣù méjì. Kòkòrò ò lè yè níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Ẹ má ṣe fi òògùn aáyán tàbí òògùn ẹ̀fọn sínú ẹ̀wà, májèlé ni, NAFDAC ti pariwo ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, fífọ̀ ò sì ní yọ ọ́ tán.

Ní ti àwọn àbúrò kéékèèké tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ máa wo ẹsẹ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tó jin wọnú, tàbí tírun orí ń pọ́n, tàbí tí ọmọ ò fẹ́ ṣeré mọ́, ẹ má lọ ra àgbo, ẹ má sì dúró de ìsọjí ọjọ́ Sunday. Ẹ gbé e lọ síléewòsàn alábọ́ọ́dé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n á fi téèpù wọn apá ẹ̀, tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lóhun tẹ́ ẹ lè dá tọ́jú nílé.