Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹja onígi fún ìwọ̀, tí a sì ń kùn ún lọ́dà

Ekòló àti òkèlè ẹ̀bà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bọ ìwọ̀ ní Èkìtì. Wọ́n dára fún àrọ̀, nítorí òórùn àti irùngbọ̀n ló fi ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja kan wà nínú odò àti adágún wa tó jẹ́ pé ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń pa jẹ: èyí tí orí rẹ̀ rí bí orí ejò, tó máa ń ba sábẹ́ ewéko létí omi, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí eyín rẹ̀ mú ṣóṣóró, àti ọ̀kan tó jọ èpìyà, tó ní àmì dúdú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Bí wọ́n bá rí ẹja kékeré tó ń ta gbọ̀ngbọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, kíá ni wọ́n máa ń kì í mọ́lẹ̀. Àwọn la ń gbẹ́ ẹja onígi fún.

Ohun tí mo fẹ́ kó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìrìn ẹja onígi ló ń pe ẹja, ọ̀dà ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sáré dé ìdí ọ̀dà kí igi rẹ̀ tó mọ omi í wẹ̀, ère ló gbẹ́.

Igi

Igi fífúyẹ́ la fẹ́. Arère dára, ibi tí wọ́n ti ń la pákó kò sì ní ṣàìní àjákù rẹ̀ nílẹ̀. Ahùn ni èmi fẹ́ràn jù, torí pé ó funfun, kì í sì í bá ọ̀bẹ jà. Inú ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀ fúyẹ́ ju méjèèjì lọ, ó sì dára fún ẹja tí a bá fẹ́ kó máa léfòó, àmọ́ ó rọ̀, eyín ẹja tètè ń jẹ ẹ́ wọnú. Ẹ fi ìrókò sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn; ó ti wúwo jù. Igi yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù máa ń sán lábẹ́ ọ̀dà.

Ẹ gé pákó náà ní sẹ̀ǹtímítà 8 ní gígùn, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó sì nípọn tó 1.5. Ẹ ya ẹja sórí páálí, ẹ gé e jáde, kí ẹ fi páálí náà fa ìlà sára igi. Ẹ tọ́jú páálí yìí: bí ẹja kan bá wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ iwájú, òun lẹ máa fi gbẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ ti la ojú ibi tí wáyà máa gbà. Ẹ fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ la ikùn pákó náà láti orí dé ìrù, kí ó jìn dé àárín. Ẹ tún la ojú kan ní dídagun sábẹ́ ọ̀fun, níbi tí ètè rẹ̀, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí omi á máa kọ lù, máa wọ̀. Nígbà tí igi bá ṣì ní igun mẹ́rin ni èyí rọrùn. Bó bá ti rí róbótó tán, ayùn á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ojú tí ẹ bá là á sì wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbẹ́ ẹ. Iwájú ni kí ọ̀bẹ máa lọ, kó má ṣe kọjú sí àyà yín. Ẹ fi sánpépà onínọ́ńbà 80 bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 120, kí ẹ fi 240 parí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú, torí eruku arère máa ń dí àyà àwọn ẹlòmíràn. Ẹ máa gbé e sókè, kí ẹ wò ó láti iwájú imú: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sanra ju èkejì lọ, kò ní lọ tààrà nínú omi láéláé. Nígbà tó bá dọ́gba, ẹ rẹ gbogbo ara rẹ̀ sínú fáníṣì kí omi má baà rí igi náà mu, kí ẹ sì gbé e kọ́ títí yóò fi gbẹ.

Wáyà, ètè àti òjé

Wáyà tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 1, ni kí ẹ wá. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa fi púláyà tẹ̀ láti orí dé ìdí: ihò róbótó kan níwájú imú fún okùn, ọ̀kan lábẹ́ ikùn, ọ̀kan nídìí ìrù fún ìwọ̀. Ẹja tó bá fà á, wáyà ló ń fà, kò ní rí igi fà ya.

Síídì àtijọ́ ló dára jù fún ètè. Ẹ bó awọ dídán ojú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé ike tó kù bí èékánná àtàǹpàkò. Ètè yìí ló ń fún ẹja onígi ní ẹ̀mí, nítorí òun ni omi ń kọ lù tí ara rẹ̀ fi ń mì. Bí ètè bá nàró, tó sì kúrú, ẹja náà kò ní jìn, yóò sì máa mì gan-an. Bó bá gùn, tó sì nà gbọọrọ síwájú, ìsàlẹ̀ ló máa forí lé.

Wàyí o, báséènì omi. Ẹ sọ wáyà sínú ojú tó ti wà nílẹ̀, kí ẹ so àwọn ìwọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi rọ́bà de ègé òjé kékeré mọ́ ikùn, díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Ẹ gbé e sómi. Ohun tí a ń wá ni ẹja tó léfòó pẹ̀lú ikùn nísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan yọ díẹ̀. Bó bá dojú dé, òjé kò tó. Bó bá rì, òjé ti pọ̀ jù. Bí ìrù rẹ̀ bá wọlẹ̀, ẹ sún òjé síwájú. Ẹ má kánjú níbí rárá. Ẹ sún un, ẹ gé e, ẹ tún gbé e sómi, títí tí ara yín yóò fi balẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú ilé ìdáná. Májèlé ni. Òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti fi wá wúrà ló pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún ìwọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ fi púláyà gé e, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Nígbà tí ìwọ̀n bá pé, ẹ yọ àwọn ìwọ̀ kúrò. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré fún òjé, kí ẹ po gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì pọ̀ mọ́ eruku igi yín, kí ẹ fi dí ojú wáyà, ihò òjé àti ìdí ètè. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó fi sánpépà dán an.

Ọ̀dà

Ní 1936, Lauri Rapala, apẹja kan ní orílẹ̀-èdè Finland, gbẹ́ ẹja onígi tirẹ̀. Ohun tó wà nílé ló lò: ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń pọ́n ṣokoléètì bò ó lára, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò láti fi dí i kí omi má wọlé. Lọ́dún yẹn, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ṣì wà láàyè. 1938 ló kú. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, kì í sì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásán bó bá ti gbẹ́ ẹ tán, ó máa ń fi ọ̀dà kùn ún ni. Igi gbígbẹ́ tí a kùn kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó mú un ní ọ̀kúnkúndùn.

Funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kun gbogbo ara rẹ̀, torí orí funfun ni àwọ̀ yòókù ti ń tàn. Ẹ lọ láti orí èyí tó mọ́ sí èyí tó dúdú: ẹ fi ikùn sílẹ̀ ní funfun, ẹ kun ẹ̀gbẹ́ ní fàdákà tàbí yẹ́lò, kí ẹ wá fi dúdú tàbí àwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn. Báyìí ni ẹja gidi rí. Ọ̀dà inú agolo tí a ń tẹ̀ lórí ló rọrùn jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ.

Ìpẹ́ ni apá tó dùn jù. Ẹ gé kànrìnkàn onínẹ́ẹ̀tì, ẹ nà án yíká ara ẹja, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ há a mọ́ ọn, kí ẹ wá tẹ ọ̀dà dúdú lé e láti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ṣí nẹ́ẹ̀tì náà, ìpẹ́ á ti tò sára rẹ̀. Fún ojú, ẹ ri orí ìṣó ńlá bọnú kútẹ́ẹ̀sì yẹ́lò, kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi orí ìṣó kékeré tẹ dúdú sí àárín. Ẹ jẹ́ kí ojú náà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti àwọ̀, ìgbà ni kí ẹ wò. Nígbà òjò tí omi bá pọ́n, yẹ́lò, ọsàn àti dúdú ni ẹja máa rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́, fàdákà àti àwọ̀ ẹja gidi ló dára.

Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tó mọ́ bí omi lẹ máa fi bò ó kẹ́yìn. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ fún jáde láti inú méjèèjì, kí ẹ rọra pò ó kó má hó, kí ẹ fi bọ́ráṣì kùn ún, kí ẹ sì máa yí ẹja náà lọ́wọ́ títí tí kò fi ní ṣàn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ ṣe é. Nígbà ọyẹ́, inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lè mú kó dà bí omi wàrà, nítorí náà ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá mú.

Lójú omi

Ẹ fi òrùka kékeré so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́ ikùn àti ìrù. Bó bá jẹ́ dáàmù Ẹ̀rò ní Ìkùn-Èkìtì tàbí Uréjé ní Adó-Èkìtì lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, torí omi mímu ìlú ni. Bó bá jẹ́ odò àdúgbò, ẹ bi àwọn àgbà. Odò mìíràn wà tí ẹja inú rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀.

Ẹ fà á nítòsí ẹsẹ̀ yín ná. Bó bá ń yà sí òsì yín bó ti ń bọ̀, ẹ kọ imú rẹ̀ sí ara yín, kí ẹ fi púláyà tẹ ihò iwájú rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Bó bá ń yà sí ọ̀tún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Díẹ̀ díẹ̀ ni. Nígbà tó bá ń bọ̀ tààrà, ẹ jù ú sí ẹ̀gbẹ́ koríko, ẹ fà á, ẹ dúró kó léfòó, kí ẹ tún fà á. Ìgbà tó bá dúró ni ẹja sábà máa ń gbá a. Púláyà ni kí ẹ fi yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí bí ẹnu ìwọ̀ kan bá há sí ẹja lára, márùn-ún mìíràn ṣì wà níta tó lè há sí yín lọ́wọ́.