Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Agbẹ́yín Àkọ́kọ́ fún Láàbù Yín

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ eyín wá bá mi ní láàbù mi lẹ́bàá Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi. Àwòrán ẹ̀rọ agbẹ́yín kan, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ eyín àtọwọ́dá, ló wà níbẹ̀, funfun báláú, iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n san ìdajì owó kó tó di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n lè bá mi kó o wọlé láti Ṣáínà. Ṣé kí n san án?" Mo bi í pé irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi í ṣe. Ó ní, "Gbogbo iṣẹ́ ni." Mo ní kó di owó rẹ̀ mú ná.

"Gbogbo iṣẹ́" yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́, òun ló sì ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Zirconia, ohun funfun bíi tánganran tí a fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, kò tíì wọ iná nígbà tí a ń gbẹ́ ẹ. Ó rọ̀ bí ẹfun, a kì í sì í da omi sí i bí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́ ẹ. Bákan náà ni PMMA (irú ike kan) àti wax (ìda). Lithium disilicate, irú gíláàsì líle tí ọ̀pọ̀ dókítà ń bèèrè fún eyín iwájú, yàtọ̀ ní tirẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa dà sí i bí a ti ń gbẹ́ ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á ba òun àti irin tó ń gbẹ́ ẹ jẹ́. Titanium náà ń fẹ́ omi, ó sì tún ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára gan-an. Ẹ̀rọ tó ń ṣe méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nídìí iṣẹ́ olómi bọ́ sí zirconia, ẹ ó fọ inú rẹ̀, ẹ ó nù ún, ẹ ó dúró kó gbẹ táútáú. Ní láàbù tí èèyàn méjì péré wà, ta ni yóò máa ṣe ìyẹn lójoojúmọ́? Ní tèmi, ẹni tó ń ra ti àkọ́kọ́, kó ra èyí tí kì í lo omi, kó fi zirconia àti PMMA jẹun ná.

Kí ẹ tó bèèrè iye owó rárá, ẹ ṣí ìwé tí ẹ ń kọ iṣẹ́ sí, kí ẹ ka oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Lágbègbè wa níbí, eyín akírílìkì tí èèyàn ń yọ tó tún ń fi bọ ẹnu ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé sí mi. Ẹ̀rọ agbẹ́yín kò mú ìyẹn yá. Bí zirconia yín kò bá ju bíi mélòó kan lọ lóṣù, ẹ fi fáìlì eyín tí ẹ yà lórí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ẹ̀rọ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n fi í rán ọkọ̀ sí yín. Ìbàdàn sí ibí kò ju bíi kìlómítà 100 lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Sikánà tó dára ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì ti mọ eyín yà lórí kọ̀ǹpútà dáadáa kí ẹ̀rọ tó wọlé. Ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò lè tún àṣìṣe ojú sikánà ṣe.

Èyí tó kàn yìí, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ mi, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àtijọ́ tí mo fi ń fẹ́ yanrìn sí ara irin ni mo so mọ́ ọn. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jẹ́. Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀ ṣáá, ara ògiri pàápàá tutù. Mo ń gbẹ́ bíríìjì (eyín àtọwọ́dá tó so pọ̀) eléyín mẹ́rin lọ́wọ́. Mo kàn ṣàdédé gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ yí padà, tó ń kùn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Mo pa á, mo ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Eruku zirconia tó yẹ kó máa fò lọ sínú fáàkù (ẹ̀rọ tó ń fa eruku) ti lẹ̀ mọ́ ìdí bur, irin kékeré tó ń gbẹ́ eyín, gbagidi, bí èlùbọ́ tí omi ta sí. Bur ti dá sínú eyín kejì. Mo lọ tú ìdí táńkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀, omi tó jáde níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan.

Bíríìjì yẹn kọ́ ni àdánù ńlá o. Kò pẹ́ sí i tí spindle, irin tó di bur mú tó ń yí i, bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ohun tó lè yí tó ìgbà 60,000 ní ìṣẹ́jú kan kì í fara da omi. Ẹni tó tà á fún mi ní gàráńtì kò kan ohun tí omi bá bà jẹ́. Mo bínú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Nítorí náà, ẹ má ra ẹ̀rọ láìra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí kò lo ọ́ìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ní àràárọ̀, ẹ tú ìdí táńkì. Ẹ má sì fi fáàkù ilé lásán gba eruku náà, nítorí eruku zirconia kúnná débi pé á gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì máa fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn míì á tọ́jú owó ẹ̀rọ, wọ́n á gbàgbé ìléru. Zirconia tó jáde lára ẹ̀rọ kì í ṣe eyín síbẹ̀. Ó fi bí ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí yóò sún kì nínú ìléru tó gbóná tó bíi 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára páálí dísìkì zirconia (àwo roboto tí a ń gbẹ́ eyín lára rẹ̀) kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí tirẹ̀ yóò ṣe sún kì tó. Ẹ má fi ti dísìkì àná ṣe tòní, kíráùnù (ìbòrí eyín) kò ní wọlé. Jíjó yìí sábà máa ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ. Ẹ wá rò ó: níbo ni iná ti ń dúró fún wákàtí mẹ́jọ láìlọ? Ínfátà tó ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé ìléru. Ẹ ṣírò jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀, tàbí sólà tó lágbára, mọ́ iye owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ agbẹ́yín fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n kí UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀, wà nídìí rẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni dísìkì ibẹ̀ yóò ṣòfò.

Lórí bóyá oní-axis 4 tàbí 5 (iye ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà yí bur àti dísìkì), n kò ní pẹ́. Kíráùnù àti bíríìjì kúkúrú, 4 ń ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣe bíríìjì gígùn tí eyín ibẹ̀ dagun, tàbí iṣẹ́ orí implant (gbòǹgbò irin tí wọ́n rì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́), 5 ni kí ẹ rà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹra mọ́ ni ìbéèrè yìí: ṣé ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀ tàbí ó tì? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé dísìkì àti bur ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìkan ni wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ tí dísìkì yẹn bá wọ́n lọ́jà, iṣẹ́ yín dúró nìyẹn. Ẹ wá èyí tó ń gba fáìlì STL, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń lò, látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, tó sì ń gba dísìkì 98 mílímítà tó wọ́pọ̀ kárí ayé. Ẹ bèèrè bóyá owó wà tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún lórí sọ́fítíwíà. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń gbà á, ẹ̀yin sì mọ bí dọ́là ṣe ń ṣe.

Kí ẹ sì bèèrè orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Kì í ṣe "a ní engineer" o. Ta ni? Ìlú wo ló ń gbé? Ṣé spindle àfirọ́pò wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà? Ẹ pe ẹlòmíràn tó ti lo irú ẹ̀rọ náà ju ọdún kan lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní fáìlì tiyín, kì í ṣe tiwọn. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n jó o, kí ẹ gbé e lé orí mọ́dẹ́ẹ̀lì (àwòṣe eyín aláìsàn) yín fúnra yín. Ẹ fi kálípà wọn ìnípọn etí rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lápá kan kí ẹ rí i bóyá yóò mì.

Àbúrò mi kò san owó náà lọ́jọ́ Ẹtì. Fáìlì bíríìjì eléyín mẹ́ta kan ló fi ránṣẹ́ sí wọn. Mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi báyìí, a ń retí páálí.